Ìrìn Màmá Yípo Bidmeren

Omi ń kán láti ara bàtà yìnyín ìyá wọn. Veneranda dúró sẹ́nu ọ̀nà àká, ó ń wò ó. Bàtà náà wà níbi tó máa ń wà, lórí ìṣó lára ògiri, òrùka igi méjì tí wọ́n fi awọ màlúù ta nínú bí àwọ̀n. Ṣùgbọ́n awọ náà ti rin gbingbin, yìnyín tuntun há sí ojú àwọ̀n rẹ̀, ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, omi rẹ̀ sì ti rogún sórí pákó ilẹ̀. Ta ló wọ̀ ọ́? Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí ìyá wọn ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kọjá àgbàlá gbẹ̀yìn. Ó sì ti pé oṣù kan báyìí tí wọ́n ti sin ín.

Ó fọwọ́ kan awọ náà. Ó tutù, ó sì rọ̀, bí imú màlúù. Ó fi àkísà nù ún gbẹ, ó ti ilẹ̀kùn àká, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Èèyàn kì í sáré sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Bidmeren, abúlé wọn lórí òkè.

Ọjọ́ Mísà ọgbọ̀n ọjọ́ òkú ìyá wọn ni. Klotilde, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, gba ọkọ̀ ojú irin wá láti Zürich, ó sì tún wọ bọ́ọ̀sì gun òkè. Nígbà ìsìnkú, ó dé ní àárọ̀, ó sì ti lọ kí ọbẹ̀ àwọn àlejò tó tutù, nítorí náà Veneranda kò retí rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Àmọ́ nígbà tí Mísà parí, ó bá a níta ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ẹ̀wù òtútù pupa kan tó ń tàn yanran láàárín gbogbo àwọn tó wọ dúdú, tó ń gbá àwọn arúgbó mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn arúgbó náà ń sunkún sí i léjìká. Kò sí ẹni tó sunkún sí Veneranda léjìká. Ojú wọn ti mọ́ ọn jù.

Òun ló dúró sílé. Nígbà tí bàbá wọn kú, tí ẹsẹ̀ ìyá wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró, Klotilde sì ti ní iṣẹ́ ní Zürich. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Leonz fẹ́ fi Veneranda ṣe aya nígbà náà. Ó ní òun á dúró dè é. Ó dúró, ó dúró, nígbà tó yá ó lọ gbé ẹlòmíràn níyàwó ní Brig, ó sì fi káàdì Kérésìmesì ránṣẹ́. Ọdún méjìlá ni Veneranda fi gbé ìyá rẹ̀ dìde, tó fi gbé e sùn. Kò ráhùn létí ẹnikẹ́ni. Ìráhùn náà kò lọ síbì kankan ṣáá o, inú rẹ̀ ló jókòó sí, ó ń dọ́gbẹ́.

“Klotilde! Ìwọ rèé?” Adelrich ló ń pè é, bàbá arúgbó tó máa ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. “Mo rò pé àwọn ará Zürich ti fi ẹ́ ṣe oúnjẹ ọ̀sán.”

“Wọ́n tọ́ mi wò, Bàbá Adelrich. Wọ́n ní mo ti yi jù.”

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Klotilde yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká rìn yípo abúlé, bí Màmá ṣe máa ń rìn lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday. Mo ti yá bàtà yìnyín nílé ìtura.”

“Ẹsẹ̀ ń dùn mí.”

“Ìrìn náà ò mà jìn.”

“Ṣé ìwọ ló máa sọ bó ṣe jìn tó fún mi? Ibí ni mo ń gbé.”

Ẹ̀rín ti kúrò lójú Adelrich. Ó súnmọ́ wọn, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la.”

“Mo máa ti lọ lọ́la, Bàbá.”

“Tó bá wá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má kọjá afárá. Ẹ̀yin náà mọ ọjọ́ tí òní jẹ́.”

Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà wọn ti sọ ọ́ fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò nígbà tí wọ́n kéré. Lọ́gbọ̀n ọjọ́, òkú máa ń rìn yípo abúlé lẹ́ẹ̀kan, kó fi kí ilé pé ó dìgbóṣe, lẹ́yìn náà á kọjá afárá onípákó tó wà nísàlẹ̀ igbó, á gun òkè lọ bá àwọn òkú yòókù lórí yìnyín ńlá tí kì í yọ́. Wọ́n ní òkú mìíràn kì í fẹ́ dá lọ. Ẹni tó ṣe é lóore nígbà ayé rẹ̀ ni í mú lọ́wọ́ dání. Ìyá àgbà wọn ní oore ni òkú rò pé òun ń san.

Klotilde fi ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu dá Adelrich lóhùn. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń de bàtà yìnyín mọ́sẹ̀. Veneranda, tó ti de tirẹ̀, wò ó bó ṣe ń di okùn náà sódì, kò sì bá a tún un ṣe.

Wọ́n gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọjá láàárín àwọn àká àtijọ́ tí oòrùn ayébáyé ti jó dúdú, tí wọ́n gbé ka orí òkúta pẹlẹbẹ kí eku má baà gùn wọ́n. Yìnyín tó bọ́ lóru ga dé orúnkún, ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀ ẹ́. Oòrùn wà lókè ṣùgbọ́n kò móoru. Klotilde ń mí hẹlẹhẹlẹ, bàtà oníke rẹ̀ ń dún gbà-gbà-gbà bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ. Veneranda ń rìn lápá òsì rẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” Klotilde wí lójijì. “Mo rántí.”

“O rántí kí ni?”

“Ẹn? Mi ò sọ nǹkan kan.”

Wọ́n ń lọ. Níbi ọpọ́n òkúta tí màlúù ti máa ń mu omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀nà ṣẹ́rí wálẹ̀, ó sì ń yọ̀. Klotilde dúró. Ó yí padà, ó na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, bí èèyàn ṣe máa ń nawọ́ sí arúgbó tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ìka rẹ̀ sì ká bọ inú ara wọn bí ẹni tó di nǹkan mú.

“Ta lò ń dúró dè?” Veneranda bi í.

“Mo ń sinmi ni. Ṣé mi ò ní mí ni?”

Nínú igbó, ohun gbogbo pa rọ́rọ́. Yìnyín bo àwọn igi débi pé ẹ̀ka wọn tẹ̀ balẹ̀. Ibẹ̀ ni òórùn kan ti dé bá Veneranda: ọ̀rá màmọ́tì, ẹran kékeré inú ihò òkè yẹn, tí wọ́n pò mọ́ kámfọ̀. Òun ló máa ń fi pa ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lálaalẹ́. Ó ti da èyí tó kù nínú ìgò nù lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, ó sì ti fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí ó fi bó. Ó gbé ìka rẹ̀ sí imú. Ọṣẹ nìkan ló ń rùn níbẹ̀. Òórùn yẹn ń ti ọ̀dọ̀ Klotilde wá.

Ó bojú wẹ̀yìn.

Ipa ẹsẹ̀ tirẹ̀ nìyẹn, gígùn, tóóró, tó gún régé. Ti Klotilde nìyẹn, tó ń ta gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀ẹ́rẹ́. Lápá ọ̀tún Klotilde, ipa ẹsẹ̀ kẹta wà, róbótó róbótó, kékeré, tó súnmọ́ ara wọn, ti ẹni tí kì í gbẹ́sẹ̀ sókè dáadáa. Láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tẹ̀ lé wọn wá. Níbi ọpọ́n omi, wọ́n dúró bí Klotilde ṣe dúró. Wọ́n fara mọ́ tirẹ̀ bí ìgbà tí ìyá àti ọmọ bá so ọwọ́ pọ̀. Lápá ọ̀dọ̀ Veneranda, yìnyín funfun ló wà, kò sí ohun tó tẹ̀ ẹ́.

Ó rìn títí wọ́n fi dé iwájú ilé àdúrà kékeré ti Bábárà Mímọ́, ó sì di apá àbúrò rẹ̀ mú.

“Klotilde. Ta ló ń bá wa rìn?”

Klotilde kò wo ojú rẹ̀. “Mo rò pé ẹ̀yin náà ń rí wọn ni,” ó wí jẹ́jẹ́. “Mo rò pé inú ló ń bí yín tí ẹ ò fi kí wọn.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kú. Wọ́n máa ń jókòó sí kíṣìnì mi ní Zürich. Màá ti ibi iṣẹ́ dé, màá bá wọn níbẹ̀, pẹ̀lú ìborùn aláwọ̀ aró yẹn. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Nísinsìnyí, mo máa ń sáré wálé ni.”

Ohun tó gbá Veneranda láyà kì í ṣe ẹ̀rù. Ó wù ú kó jẹ́ ẹ̀rù. Láti oṣù kan ló ti ṣí fèrèsé kékeré tó wà lókè ibùsùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe sí gbogbo ilé àtijọ́ kí ẹ̀mí lè rí ọ̀nà jáde, kó sì rí ọ̀nà wọlé tó bá fẹ́. Ó ń gbé wàrà síbẹ̀ níròlẹ́. Ó ń pè é. Òtútù nìkan ló wọlé wá bá a. Ìyá rẹ̀ ti kọjá lórí wàrà yẹn, ó sì lọ jókòó sí Zürich.

“Kí ni wọ́n máa ń bá ẹ sọ?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

“Mo ní kí ni wọ́n ń sọ?”

“Wọ́n ń dúpẹ́.” Omi ti ń bọ́ lójú Klotilde. “Wọ́n ń dúpẹ́ pé mo wẹ̀ wọ́n. Pé mo fi ọ̀rá pa wọ́n lẹ́sẹ̀. Pé mi ò fi wọ́n sílẹ̀ bí ẹnì kejì ṣe fi wọ́n sílẹ̀.”

“Ta ni ẹnì kejì?”

Veneranda fúnra rẹ̀ mọ ìdáhùn náà. Lọ́dún mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ayé ìyá wọn, ìgbàgbé ti mú un. Orúkọ Klotilde ló fi ń pe Veneranda. Lákọ̀ọ́kọ́, Veneranda máa ń sọ pé, “Màmá, èmi ni, Neranda ni,” ìyá náà á sì bú sẹ́kún, á ní níbo ni Klotilde òun wà, ṣé ó ti kú ni? Nígbà tó yá, ó rẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ náà. Ó rò pé ẹ̀tàn kékeré tí ò pa ẹnikẹ́ni lára ni. Kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ máa gbé e dé ọ̀run.

“O ò sì sọ fún wọn pé ìwọ kọ́?”

“Mo fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fọwọ́ pa mí lórí, Ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé Màmá fọwọ́ pa wá lórí rí? Kódà nígbà tá a wà lọ́mọdé?”

“Sọ fún wọn báyìí.”

“Wọ́n ti ń lọ níwájú,” Klotilde wí. Ojú rẹ̀ ti kọjá èjìká Veneranda, ó ń wo ìsàlẹ̀ igbó. “Wọ́n ní kí n máa bọ̀. Wọ́n ní ó ku díẹ̀, àwọn máa tọ́jú mi bí mo ṣe tọ́jú àwọn.”

Veneranda yí padà. Láti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ilé àdúrà, ipa ẹsẹ̀ róbótó náà ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Níbi tó gùn dé, yìnyín ń wọlẹ̀ fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, kò sì sí ẹnì kankan lórí rẹ̀. Afárá ni wọ́n dorí kọ.

Klotilde já apá rẹ̀ gbà, ó tẹ̀ lé e. Kò mí hẹlẹhẹlẹ mọ́. Bàtà oníke kò pariwo mọ́. Ó ń lọ bí ọmọ tí wọ́n pè wá jẹun, ó ń tú ẹ̀wù pupa náà bó ṣe ń lọ, títí ó fi bọ́ ọ sílẹ̀ lórí yìnyín.

Jẹ́ kó lọ.

Bí èrò náà ṣe wá nìyẹn, gbalaja, láìfi nǹkan kan bojú. Jẹ́ kó lọ gba èrè iṣẹ́ tí kò ṣe. Veneranda dúró pẹ̀lú èrò yẹn fún ìgbà díẹ̀, kò sì lé e dànù. Èrò mìíràn tó burú ju ìyẹn lọ ló lé e: àwọn méjèèjì máa jọ lọ, wọ́n máa so ọwọ́ pọ̀ títí ayérayé, ìyá á máa dúpẹ́, àbúrò á máa gba ọpẹ́, òun á sì wà níbí, tí wọ́n á máa pè ní ẹnì kejì tó fi wọ́n sílẹ̀.

Ìyẹn ló mú un sáré. Àwọn ará Bidmeren sọ lẹ́yìn náà pé ìfẹ́ àbúrò ni. Kò bá wọn jiyàn.

Ó bá Klotilde lẹ́nu afárá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lórí pákó. Ó fi gbogbo agbára fà á sẹ́yìn, àwọn méjèèjì ṣubú. Ara Klotilde tutù bí irin. Veneranda dìde lórí orúnkún, ó kọjú sí afárá tí kò sí ẹnì kankan lórí rẹ̀.

“Màmá! Èmi ni! Òun kọ́!”

Odò ń ṣàn lábẹ́ yìnyín. Kò sí ohun mìíràn.

“Ta ló ń gé èèpo líle ara búrẹ́dì ráì kúrò kó tó rẹ ẹ́ sínú wàrà fún yín? Ta ló mọ egbò abẹ́ gìgísẹ̀ òsì yín? Nígbà tí ẹ ní màlúù kún yàrá, tí ẹ ò lè sùn, ta ló gbé ìgbálẹ̀? Mo pè wọ́n lórúkọ, Màmá, Bleika, Strubla, Fink, mo lé wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Kò sí màlúù kankan níbẹ̀! Ta ló lé wọn?”

Ní àárín afárá, yìnyín dún rírẹ́rírẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi bàtà yí padà lójú kan. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀ bọ̀, róbótó kan, róbótó kejì, tó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ rẹ̀. Òórùn ọ̀rá náà kún gbogbo ibẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Klotilde pariwo: “Mi ò rí wọn mọ́! Ẹ̀gbọ́n mi, níbo ni wọ́n lọ? Kí lẹ ṣe?”

Ohun kan fọwọ́ kan orí Veneranda. Ó fúyẹ́, ó tutù, ó rọra ṣí irun kúrò níwájú orí rẹ̀. Ohùn tó sì ti ń retí láti oṣù kan, bóyá láti ọdún méjìlá, bóyá láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, sọ̀rọ̀ létí rẹ̀ gan-an, tìfẹ́tìfẹ́.

“Klotilde, ọmọ mi. O mà ti rù o. Ṣé o ti jẹun?”

Veneranda lanu láti sọ orúkọ ara rẹ̀. Ọwọ́ náà ṣì wà lórí rẹ̀.

“Mo ti jẹun, Màmá,” ó wí.

“Jẹ́ ká máa lọ nígbà náà.”

“Kì í ṣòní, Màmá. Yìnyín ti pọ̀ jù fún ẹsẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká délé ná, kí n fi ọ̀rá pa yín lẹ́sẹ̀.”

Wọ́n gba etí odò padà sínú abúlé. Adelrich dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Ó rí obìnrin méjì tó ń bọ̀, èyí àbúrò láìwọ ẹ̀wù òtútù, tó ń sunkún, èyí ẹ̀gbọ́n tó ká apá ọ̀tún bí ẹni tí arúgbó fara tì. Ó wo ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Veneranda. Ó ṣí fìlà, ó wọlé, wọ́n sì gbọ́ nígbà tó fi igi dábùú ilẹ̀kùn.

Klotilde bá bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Kó tó wọ ọkọ̀, ó ní, “Ẹ ti gbà wọ́n lọ́wọ́ mi.”

“Ta ló kọ́kọ́ gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ̀?”

Wọn ò dágbére fún ara wọn.

Láti ìgbà náà, àwọn èèyàn kì í yà sílé Veneranda mọ́. Fadá wá lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú omi mímọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fa afẹ́fẹ́ símú, ó ní òun gbàgbé nǹkan kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Veneranda ń rù. Abọ́ méjì ló máa ń gbé sórí tábìlì, ó sì ti ra ọ̀rá màmọ́tì tuntun. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń dúró lókè àpótí ìtìsẹ̀, á máa fi ọ̀rá pa òfìfo, ìka rẹ̀ á sì ti di funfun nítorí òtútù.

Klotilde a máa tẹ̀ ẹ́ láago lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday. Kò béèrè àlàáfíà. Ìbéèrè kan náà ló máa ń bi í.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé wọ́n wà lọ́dọ̀ yín?”

“Wọ́n wà.”

“Ṣé wọ́n ń béèrè mi? Kódà lẹ́ẹ̀kan? Ṣé wọ́n dárúkọ mi?”

Nínú yàrá, ohùn ìyá wọn ń pè, bó ṣe máa ń pè láràárọ̀ àti lọ́sàn-án, tìfẹ́tìfẹ́, láìsinmi: “Klotilde! Klotilde, ọmọ mi, yìnyín ti fúyẹ́ lónìí. Wọ bàtà ẹ ká máa lọ.”

Veneranda fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù títí ohùn náà fi dákẹ́.

“Rárá,” ó wí fún àbúrò rẹ̀. “Wọn ò dárúkọ ẹ rí.”